Ohun Tí Ẹnu Páṣíà Ń Sọ Tí Ọwọ́ Kì Í Kọ

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni: k, r, m. Bí ará Tehran bá rí wọn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, ó lè kà á sí kerm, ìyẹn ekòló. Ó lè kà á sí kerem, ìyẹn ìpara. Ó lè jẹ́ karam, ìwà ọ̀làwọ́. Ó sì lè jẹ́ korom, irin dídán tí wọ́n fi ń bo ara ọkọ̀. Ohun tó wà lára ògiri kò yí padà. Lẹ́tà Lárúbáwá ni àwọn ará Írán fi ń kọ èdè Páṣíà, wọn kì í sì í kọ fáwẹ̀lì kúkúrú sílẹ̀, àfi nínú ìwé àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà. Òǹkàwé ló ń fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹni tó bá ti ka ìwé Yorùbá tí kò ní àmì rí, tó bá "oko" pàdé, tó ń wo ọ̀rọ̀ ọ̀tún wo ti òsì kó tó mọ̀ bóyá oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni, mọ irú wàhálà tí à ń sọ.

Ó ti lé ní igba ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè ti ń tú ìró àti gírámà èdè yìí wò. Oríṣiríṣi ni ohun tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn forí lé: bí wọn yóò ṣe yọ ohun tí ẹnu ń sọ jáde lábẹ́ ohun tí ọwọ́ ń kọ. Ibi tí ìwé dákẹ́ sí gan-an ni ìdí gírámà Páṣíà wà.

Èdè Páṣíà ni fārsi tí wọ́n ń sọ ní Írán. Òun náà ni wọ́n ń pè ní dari ní Afghánístàn àti tojiki ní Tàjìkístàn. Nítorí lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹbí kan ni òun àti Lárúbáwá. Ẹbí rẹ̀ kọ́. Bàbá ni pedar, ìyá ni mādar, arákùnrin ni barādar, ọmọbìnrin ni dokhtar. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Jámánì yóò ti fura. William Jones, tó kọ ìwé gírámà Páṣíà ní 1771, ti di adájọ́ ní Calcutta nígbà tó sọ ní 1786 pé orísun kan náà ni Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn ti ṣẹ̀ wá, ó sì fi Páṣíà àtijọ́ kún ẹbí náà. Ní 1816 Franz Bopp fi bí ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn èdè wọ̀nyí ṣe ń yí ìrísí padà ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ohun tí Páṣíà gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá ni lẹ́tà àti ọ̀pọ̀ yanturu ọ̀rọ̀ àyálò, lẹ́tà náà kò sì bá ẹnu rẹ̀ mu dáadáa. Ìró z kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ará Tehran, àmọ́ lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí pé ìró mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lẹ́nu Lárúbáwá. Ìró s ní lẹ́tà mẹ́ta. Ní ìdà kejì, Lárúbáwá kò ní p, kò ní ch, kò ní zh, kò ní g, làwọn ará Páṣíà bá dá lẹ́tà mẹ́rin tiwọn kún un. Kódà, Síbáwayh, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà tó kọ ìwé gírámà Lárúbáwá tó lókìkí jù lọ ní ọ̀rúndún kẹjọ, ti ya orí kan sọ́tọ̀ nínú ìwé náà fún bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń yí ìró Páṣíà tí ahọ́n wọn kò gbà padà.

Nínú ohun tó kù tí a ó sọ, ā ni fáwẹ̀lì tí à ń ya ẹnu gbàgà pè, tó sún mọ́ ọ wa. Sh ni ṣ. Kh sì ni ìró tí ń há lọ́nà ọ̀fun.

Orí àpáta ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bisotun, ní agbègbè Kermanshah ní ìwọ̀-oòrùn Írán, ọba Dáríúsì Kìíní ní kí wọ́n gbẹ́ ìtàn bí òun ṣe gorí ìtẹ́ sára òkè ní nǹkan bí ọdún 520 ṣáájú ìbí Krístì. Èdè mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ: Páṣíà àtijọ́, èdè Elamu àti ti Bábílónì. Àmì onígun ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan tó lè kà á mọ́ nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ já a kò dé Írán rárá. Georg Friedrich Grotefend, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Göttingen ní Jámánì, ló jókòó ti àwọn àdàkọ kéékèèké tí Carsten Niebuhr gbé wá láti ahoro Persepolis. Ọgbọ́n tó dá ní 1802 yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé àwọn ọba Páṣíà tó jẹ lẹ́yìn ìgbà náà ní ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà polongo ara wọn: Lágbájá, ọba ńlá, ọba àwọn ọba, ọmọ Làkáṣègbè. Ó wá gbà pé irú rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí òkúta tó ti dàgbà jù yìí náà. Ó wá ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra, ó pè é ní "ọba". Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọba, tí ọmọ rẹ̀ náà jẹ ọba, ṣùgbọ́n tí wọn kò fi oyè kankan ti orúkọ bàbá rẹ̀. Nínú ìtàn tí àwọn Gíríìkì kọ sílẹ̀, Dáríúsì ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu: ọmọ Hystaspes tí kò jọba, bàbá Xerxes tó jọba. Bó ṣe fi orúkọ mẹ́ta ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo àmì ló gbà, àmọ́ ìdí rẹ̀ ti tú.

Àpáta Bisotun gan-an ṣòro ní gígùn. Henry Rawlinson, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ ní 1835, ó sì tẹ apá ti Páṣíà jáde ní 1846 sí 1847. Apá ti Bábílónì ga ju ibi tí òun fúnra rẹ̀ lè dé lọ. Ọmọkùnrin ará Kurdi kan ló fi okùn àti èèkàn rá mọ́ ara òkè náà, tó sì tẹ bébà tútù mọ́ ọn kí ìrísí àwọn àmì náà lè hàn. Rawlinson sọ ìtàn ọmọ náà, kò dárúkọ rẹ̀. Ó dun ni, nítorí láìsí ọmọ yẹn, iṣẹ́ náà ì bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí àpáta fi hàn ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Páṣíà àtijọ́ ní akọ, abo àti èyí tí kò jẹ́ akọ tàbí abo. Ọ̀rọ̀-orúkọ ń yí ìparí rẹ̀ padà bó bá jẹ́ olùwà, bó bá jẹ́ àbọ̀, bó bá jẹ́ onínǹkan. Fārsi òde òní kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. U kan náà ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń lo òun. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà lórí àpáta náà tí wọn kò kú. Hya, tó túmọ̀ sí "èyí tí", àti rādiy, tó túmọ̀ sí "nítorí", ṣì wà láyé títí dòní, wọ́n kàn ti gbó títí wọ́n fi di ìró kan tàbí méjì. A óò tún bá wọn pàdé.

Láàárín àpáta yẹn àti fārsi òde òní, ọ̀rúndún púpọ̀ wà tí ìkọ̀wé tún bo ẹnu mọ́lẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn akọ̀wé ìjọba Sasanid, tó ṣàkóso Páṣíà nígbà náà, a máa kọ ọ̀rọ̀ Arámáíkì sílẹ̀, wọn a sì kà á ní Páṣíà. Wọn a kọ MLKA, tó jẹ́ "ọba" ní Arámáíkì, ẹni tó ń kà á a sì pè é ní shāh. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà nìkan yóò ṣìnà pátápátá. Ohun tó tú àṣírí náà jẹ yọ láti ibi tí wọn kò fọkàn sí. Láàárín 1902 sí 1914, àwọn ará Jámánì hú àwọn ìwé àtijọ́ jáde nínú yanrìn Turfan, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà. Àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, wòlíì kan tó gbé ayé ìjọba Sasanid, ló ni wọ́n. Wọ́n fi lẹ́tà tiwọn kọ èdè Páṣíà bó ṣe ń dún létí gan-an, láìfi Arámáíkì bò ó. F. W. K. Müller kà á ní 1904, láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti gbọ́ bí ẹnu Páṣíà ìgbà náà ṣe ń ró.

Ọgbọ́n yẹn náà ni àwọn onímọ̀ tún lò fún kìnnìún àti wàrà.

Ní Tehran, shir ni wọ́n ń pe kìnnìún, shir ni wọ́n ń pe wàrà. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bákan náà ni wọ́n ṣe ń pè é. Èèyàn lè rò pé bó ti wà látayébáyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó dé Kabul: shēr ni kìnnìún níbẹ̀, shīr ni wàrà. Kí ó sọdá sí Tàjìkístàn: láti 1940 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà Cyrillic tí àwọn Rọ́ṣíà ń lò kọ èdè wọn, lẹ́tà yẹn sì ń kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀; шер ni kìnnìún, шир ni wàrà, wọn kò pa pọ̀. Kí ó dé Íńdíà àti Pakístàn, níbi tí Urdu ti yá ọ̀rọ̀ Páṣíà lò ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn: sher ṣì ni kìnnìún. Ẹ̀rí mẹ́ta láti ibi mẹ́ta tó jìnnà síra, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Fáwẹ̀lì méjì ló wà tẹ́lẹ̀, ará Írán ló pa wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ rí: ruz ní Tehran, rōz ní Kabul.

Àwọn akéwì àtijọ́ náà jẹ́rìí. Wọn kì í sábàá fi ọ̀rọ̀ tó ní ē parí ìlà kí wọ́n wá fi èyí tó ní ī dá a lóhùn. Majhul, "èyí tí a kò mọ̀", ni àwọn onígírámà pe ē àti ō, nítorí Lárúbáwá kò ní wọn. Ewì ní ẹ̀rí mìíràn tún. Ìwọ̀n sílébù ni wọ́n fi ń ṣe ewì Páṣíà: èyí kúrú, èyí gùn, èyí tó sì wúwo jù, bíi dust, "ọ̀rẹ́", wọn a kà á sí gígùn kan àti kúkúrú kan. Parviz Nātel Khānlari, tó dá ìwé ìròyìn Sokhan sílẹ̀ ní Tehran ní 1943, àti L. P. Elwell-Sutton, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀n ewì jáde ní 1976, fi ọ̀pọ̀ ọdún ka sílébù wọ̀nyí. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ìwádìí ewì kì í ṣe ìwádìí èdè. Ní ilẹ̀ tí lẹ́tà kò bá ti kọ fáwẹ̀lì, ewì ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ.

Òde òní ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe ìdánwò: māhi. Bí ohùn bá gòkè ní sílébù ìkẹyìn, ẹja ni. Bó bá gòkè ní ti àkọ́kọ́, māh tó jẹ́ "oṣù" ni, pẹ̀lú i kékeré tó túmọ̀ sí "kan": oṣù kan. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ń kọ méjèèjì. Etí Yorùbá yóò sọ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ní Páṣíà, ibì kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ ni ohùn ti ń gòkè, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ibo.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Wọn a mú ẹni tó ń sọ èdè náà jókòó sí yàrá tí kò sí ariwo. Wọn a fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú gbólóhùn tó bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn a da gbólóhùn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn kó má baà mọ èyí tí wọ́n ń wá, wọn a sì ní kó kà á. Lẹ́yìn náà ni wọn a gbé ohùn rẹ̀ sínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, tó ń ya gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn bí ìlà lójú. Ibi tí ìlà náà bá ti yọ gọngọ ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn a tún béèrè ìbéèrè oríṣiríṣi kí ẹni náà lè tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú gbólóhùn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ àárín ẹja àti oṣù ṣì wà nígbà tí ohùn bá ti rẹlẹ̀ lẹ́yìn ibi tó tẹnu mọ́. Vahideh Abolhasanizadeh, Mahmood Bijankhan àti Carlos Gussenhoven ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Lingua ní 2012: ìyàtọ̀ náà kì í parẹ́. Ohùn lè rẹlẹ̀, ibi tó ti gòkè kò ṣí kúrò.

Ibi tí ohùn ń gòkè sí ní òfin, òfin náà sì pín síra. Ọ̀rọ̀-orúkọ a máa gbé e sí ìparí: pedar, dar ló ròkè. Bí ọmọ bá wá ń ké pe bàbá rẹ̀, ó ti sáré lọ síwájú, pe ló ròkè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní mi- níwájú, bíi miravam, "mò ń lọ", orí mi- ló ń gbé e sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onígírámà kọ sílẹ̀, ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún ìṣe. Ní 2003 Arsalan Kahnemuyipour dá a lábàá pé òfin kan ṣoṣo ló wà fún ọ̀rọ̀, pé gbólóhùn tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú rẹ̀ ló ń fà á síwájú. Àbá náà dára, nítorí ó jẹ́ kí ìró àti gírámà bára wọn sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe inú yàrá ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni iṣẹ́ wà. Ìwé kọ nān, búrẹ́dì. Ẹni tó ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù ní Tehran ń pè é ní nun. Ilé ni khāne nínú ìwé, khune ni lẹ́nu. Yahya Modarressi fi èyí ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Kansas ní 1978. Ó gba ohùn àwọn ará Tehran àti ti Ghazvin sílẹ̀, ó ṣe ìṣirò iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ān àti iye ìgbà tó sọ un, ó sì rí i pé bí ènìyàn ṣe kàwé tó àti bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó ló ń darí rẹ̀. Nader Jahangiri náà wo be-, tí wọ́n fi ń pàṣẹ: ìwé kọ bekon, "ṣe é", ẹnu sọ bokon, nítorí o tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti fa e mọ́ra. Ẹni tó bá ti kọ́ nípa àǹkóò fáwẹ̀lì nílé-ìwé mọ irú rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tó jẹ́ pé òun, lójú tèmi, ló rẹwà jù nínú gbogbo gírámà Páṣíà: ezāfe. Ìró e kan ṣoṣo ni. Ketāb-e Maryam, ìwé Maryam. Gol-e sorkh, òdòdó pupa. Dar-e bāgh-e dust-e man, ilẹ̀kùn ọgbà ọ̀rẹ́ mi. E yìí ló so ọ̀rọ̀ kan mọ́ èkejì, ó lè so mẹ́wàá pọ̀ bó bá yá. Hya àtijọ́ yẹn ni, "èyí tí", tó ti ń kéré sí i láti ìgbà Dáríúsì. Wọn kì í sì í kọ ọ́, àyàfi bí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ bá parí pẹ̀lú fáwẹ̀lì bíi ā. Yorùbá náà ní ohun tó jọ ọ́ tí a kì í kọ: bí a bá fetí sílẹ̀ sí ẹni tó ń sọ "ọmọ Túndé", a ó gbọ́ pé ọ ìkẹyìn fà díẹ̀, ọmọ-ọ Túndé. Ìwé wa kò kọ ọ́, etí wa kò pàdánù rẹ̀.

Bí ezāfe bá sọnù, ìtumọ̀ ti yí. Mard-e khub āmad: ọkùnrin rere náà dé. Mard khub āmad: ọkùnrin náà wá dáadáa. Lórí ìwé, ọ̀kan ni wọ́n. Ọmọ Írán kò ní dúró rò ó, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kó ka ìròyìn sókè fún afọ́jú kò mọ ibi tí yóò ti fi e sí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi jókòó ti àkójọ ọ̀rọ̀ ńláńlá. Èyí tí Bijankhan darí ní Yunifásítì Tehran ní nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 ọ̀rọ̀ nínú, tí wọ́n sì fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ ibi tí e ń fara pa mọ́ sí.

Àríyànjiyàn lórí irú ohun tí ezāfe jẹ́ kò tíì rọlẹ̀. Vida Samiian sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Los Angeles ní 1983. Jila Ghomeshi ṣe tirẹ̀ ní Toronto ní 1996. Pollet Samvelian jiyàn ní 2007 pé ara ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni e náà so mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dá dúró. Ó yẹ ká kíyè sí àwọn orúkọ tó ń jáde wọ̀nyí. Tẹ́lẹ̀, àjòjì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ gírámà Páṣíà, bíi Gilbert Lazard ará Faransé tó kọ gírámà fārsi òde òní ní 1957. Iṣẹ́ Lazard dára púpọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń wá irú ìyàtọ̀ tín-ín-rín tí ìwé kì í kọ nílò etí àwọn tó gbọ́ èdè náà láti inú ilé, iṣẹ́ náà sì ti gbèrú gan-an láti ìgbà tí wọ́n ti dá sí i.

Rā ni ẹ̀rí èyí. Òun ni rādiy ti orí àpáta, "nítorí". Lónìí, ẹ̀yìn àbọ̀ ló ń dúró sí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àbọ̀. Ketāb kharidam: mo ra ìwé, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Ketāb-rā kharidam, tí ẹnu ìgboro ń pè ní ketābo kharidam: mo ra ìwé náà. Ìwé gírámà àtijọ́ sọ pé àbọ̀ tí olùgbọ́ ti mọ̀ ni rā ń tẹ̀ lé. Simin Karimi fi hàn pé èyí kò tó: èèyàn lè fi rā sọ pé òun ra ìwé kan, tí olùgbọ́ kò mọ ìwé náà rí, bí ìwé pàtó kan bá ti wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mohammad Dabir-Moghaddam tún fi kún un ní 1992 pé rā máa ń tẹ̀ lé ohun tí kì í ṣe àbọ̀ rárá, bó bá jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ni pé wọ́n ń to gbólóhùn méjì tí ìyàtọ̀ wọn kò ju ìró kan lọ síwájú ọmọ onílé, wọn a bi í pé èwo ni wọ́n lè sọ, ìgbà wo, sí ta ni. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Sùúrù yẹn náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń béèrè. Páṣíà kò ní ju nǹkan bí 250 ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́yọ kan lọ, nǹkan bí ìdajì péré ló sì ṣì wà lẹ́nu. Gbogbo ìyókù, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ méjì ṣe é: ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí àpèjúwe níwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn. Zadan ni "lù", harf zadan sì ni kí èèyàn sọ̀rọ̀, rang zadan ni kó kun ọ̀dà, mesvāk zadan ni kó fọ eyín. Khordan ni "jẹ" tàbí "mu". Kotak khordan, kí èèyàn jẹ lílù, ni kí wọ́n nà án. Yorùbá tó ń jẹgba, tó ń jẹyà, tó ń jẹ gbèsè kò nílò àlàyé lórí èyí. Ohun tó wú àwọn onímọ̀ lórí ni bí wọ́n ṣe ń tò ní méjì méjì: kotak zadan, kí èèyàn na ẹlòmíràn, kotak khordan, kí wọ́n nà án, gul zadan, kó tan ẹlòmíràn jẹ, gul khordan, kí wọ́n tàn án jẹ, garm kardan, kó mú nǹkan gbóná, garm shodan, kí nǹkan gbóná.

Raffaella Folli, Heidi Harley àti Karimi rí òfin nínú èyí ní 2005: ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ló ń sọ bóyá ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan náà, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ń gbé ìyókù. Samvelian àti Pegah Faghiri kò gbà pé òfin lásán lè gbé gbogbo rẹ̀. Ní Paris, wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ méjì-méjì wọ̀nyí jọ sínú àkójọ kan tí wọ́n pè ní PersPred, wọ́n sì jiyàn pé ẹbí ẹbí ni àwọn ará Páṣíà ń kọ́ wọn, tí ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ń gba ọmọ tuntun wọlé. Àpẹẹrẹ wọn kan ni ẹbí ìránṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tẹlígíráàfù dé Írán, telegrāf zadan ni wọ́n pè é. Tẹlifóònù dé, ó di telefon zadan. Kò sí ẹni tó ń fi tẹlígíráàfù ránṣẹ́ mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tí íméèlì dé, zadan náà ni wọ́n fi gbà á: imeyl zadan. Ẹlòmíràn ní Tehran ń sọ imeyl kardan, àwọn olùwádìí sì ń kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́.